Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ Ìdínsanrakù: Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀ Aláṣọ Kan ní Iléṣà

Ẹni tí àkọsílẹ̀ yìí dá lé lórí jẹ́ obìnrin ẹni ọdún 46 tí ó ń ta aṣọ ní agbègbè ọjà Àtàkúnmọ́sà ní Iléṣà. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ní kí n kọ ọ́, mo sì ti ka gbogbo rẹ̀ sí i létí kí ó tó jáde. Orúkọ rẹ̀ ni a fi pamọ́, nítorí náà Màmá Aláṣọ ni n ó máa pè é. Iṣẹ́ tèmi ni láti máa gba àwọn aláìsàn nímọ̀ràn lórí oúnjẹ, mo sì ti wà pẹ̀lú rẹ̀ láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà ti le títí di àkókò yìí. Ohun tí ó jẹ mí lógún jù nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni pé iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe fún un láti dín ìsanra rẹ̀ kù yọrí sí rere, ọgbẹ́ rẹ̀ jinná, kò sì sí ohun tí ó bàjẹ́ nínú iṣẹ́ àwọn dókítà. Abọ́ iyán tí kò lè kọ̀, nítorí pé kò sọ fún ẹbí pé wọ́n ti gé àpòlúkù òun kù, ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ mú un lọ.

Kí ó tó ṣe iṣẹ́ abẹ, kílógíráàmù 118 ni ìwọ̀n rẹ̀, gíga rẹ̀ sì jẹ́ mítà 1.62. Bí a bá fi gíga ènìyàn ní mítà sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, tí a wá fi èsì rẹ̀ pín ìwọ̀n rẹ̀ ní kílógíráàmù, a ó rí nọ́ńbà tí àwọn dókítà fi ń mọ bí ìsanra ti pọ̀ tó. Tirẹ̀ jẹ́ 45. Ìlànà tí ó ti wà nílẹ̀ láti ọdún 1991 sọ pé ẹni tí tirẹ̀ bá tó 40, tàbí 35 pẹ̀lú àìsàn tí ìsanra ń fà, lè ṣe iṣẹ́ abẹ yìí, àwọn ẹgbẹ́ oníṣẹ́ abẹ náà sì tún un ṣe ní ọdún 2022 pé kí ó bẹ̀rẹ̀ láti 35, yálà àìsàn mìíràn wà tàbí kò sí. Ti Màmá Aláṣọ kọjá méjèèjì. Ó ní àtọ̀gbẹ, ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tí ó ń lo oríṣi oògùn mẹ́ta fún, orúnkún rẹ̀ kò sì jẹ́ kí ó lè dìde lórí àpótí ní ìsọ̀ rẹ̀ láì di nǹkan mú. Ó ti gbààwẹ̀, ó ti mu àgbo, ó ti rìn láràárọ̀ títí orúnkún fi kọ̀. Àwọn kan ń sọ pé ọ̀nà ẹ̀bùrú ni ẹni tí ó bá ṣe iṣẹ́ abẹ yìí gbà. N kò fara mọ́ ọn rárá, ẹni tí ó bá sì ka àkọsílẹ̀ yìí dé ìparí yóò rí i pé iṣẹ́ pọ̀ níwájú ẹni tí ó bá gbà á.

Ilé ìwòsàn kan ní Èkó ni ó ti ṣe é. Ihò kéékèèké mélòó kan ni wọ́n lu sí ara ikùn rẹ̀, wọ́n ti ibẹ̀ ti kámẹ́rà àti irin iṣẹ́ wọlé, wọ́n sì gé nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún àpòlúkù rẹ̀ kúrò. Èyí tí ó ṣẹ́ kù rí gbọọrọ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀, kò sì lè gbà ju nǹkan bí mìlílítà 100 sí 150 lọ lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí ti àgbàlagbà tí a kò gé lè nà títí yóò fi gba lítà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Apá òkè tí wọ́n gé dànù yìí náà ni ó máa ń tú èyí tí ó pọ̀ jù jáde nínú ghrelin, èròjà tí ń gba inú ẹ̀jẹ̀ lọ sọ fún ọpọlọ pé ebi ń pani. Ìdí nìyí tí ebi kò fi pa á fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Kí òǹkàwé fi èyí sọ́kàn, nítorí pé ẹni tí ebi kò pa tí ó sì ń jẹun, nítorí ojú ènìyàn ni ó ṣe ń jẹ ẹ́.

Ọkọ rẹ̀ àti ọmọbìnrin rẹ̀ àgbà, tí ó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, nìkan ni wọ́n mọ̀. Ó sọ fún àwọn yòókù pé òun ń lọ kó ọjà ní Balógun, pé òun yóò pẹ́ díẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ lọ ní ìrọ̀rùn. Ọjọ́ tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà gan-an ni àwọn nọ́ọ̀sì ti mú un dìde rìn kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì sí i lẹ́sẹ̀, ìdí kan náà sì ni ọkọ rẹ̀ fi dúró ní Ìbàdàn àti ní Ìkirè nígbà tí wọ́n ń bọ̀ wá sílé, kí ó lè sọ̀ kalẹ̀ nasẹ̀. Wọ́n ti dá ọ̀kan nínú oògùn àtọ̀gbẹ rẹ̀ dúró, nítorí pé ẹni tí kò jẹun tó mọ́ lè fi irú oògùn bẹ́ẹ̀ já ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Omi ẹran tí a sẹ́, ògì tí ó ṣàn dáadáa àti wàrà sóyà tí kò ní ṣúgà ni ó ń mu. Nígbà tí ó di ọ̀sẹ̀ kẹta, ó bọ́ sórí ẹ̀wà lílọ̀, ẹyin sísè tí a tẹ̀ àti ẹja tí a yọ eegun rẹ̀ tí a sì gún mọ́ ọbẹ̀. Purotéènì tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ nílò lójúmọ́ kò gbọ́dọ̀ dín sí gíráàmù 60, bẹ́ẹ̀ ẹyin kan kò ní ju nǹkan bí gíráàmù 6 lọ. Ẹni tí ó ń jẹ ṣíbí mẹ́ta kí ó tó yó ní láti ronú lórí ohun tí yóò fi sínú ṣíbí kọ̀ọ̀kan.

Àwọn àgbà máa ń sọ pé iyán ni oúnjẹ, ọkà ni oògùn, àìrí rárá là ń jẹ̀kọ. Màmá Aláṣọ jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí a fi iyán tọ́. Fún oṣù kan gbáko, ohun tí ọ̀rọ̀ àgbà yẹn fi sí ìsàlẹ̀ pátápátá ni ó ń mu, inú yàrá rẹ̀ ni ó sì ti ń mu ún, kí àlejò má baà béèrè ohun tí ó dé.

Ìwé ìtọ́nisọ́nà tí wọ́n fún un ní ilé ìwòsàn dára. Mo kà á, n kò sì rí àṣìṣe kan nínú rẹ̀. Ó ní kí ó máa fi ṣíbí kékeré jẹun, kí ó máa rún oúnjẹ títí yóò fi di omi lẹ́nu, kí ó má mu omi mọ́ oúnjẹ, kí ó sì jẹ́ kí ó tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn oúnjẹ kí ó tó mu omi, nítorí pé àpòlúkù kékeré náà kò ní àyè fún méjèèjì. Ó dárúkọ búrẹ́dì, ìrẹsì àti ẹran tí ó yi gẹ́gẹ́ bí ohun tí ó máa ń há. Ṣùgbọ́n kò sọ ohunkóhun nípa òkèlè. A kì í rún òkèlè. Ọmọdé tí ó bá ń rún iyán lẹ́nu ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń fi ṣe ẹlẹ́yà, nítorí pé gbígbé ni a ń gbé e mì, ọbẹ̀ ni ó sì ń mú un yọ̀ lọ. Obìnrin yìí ti ń gbé òkèlè mì láti nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn. Nígbà tí ìwé sọ pé kí ó rún oúnjẹ, ó rún ẹja, ó rún ẹyin, ó rún ẹ̀wà pàápàá. Kò wá sí i lọ́kàn pé ọ̀rọ̀ náà kan iyán.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, wọ́n ṣe ìsìnkú ìyá àgbà kan nínú ẹbí ọkọ rẹ̀. Ìyàwó ilé ni. Kò lè jókòó sílé. Ó sìn àlejò, ó kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà, nígbà tí ọ̀sán sì pọ́n, ọ̀kan nínú àwọn ìyá ọkọ rẹ̀ bu iyán àti ẹ̀fọ́ fún un, ó pè é mọ́ra, ó ní kí ó jẹun níṣojú òun nítorí ó ti ń rù. Kí ni ì bá sọ? Bí ó bá ní òun kò jẹ, wọ́n á ní ó ń fi oúnjẹ ilé ọkọ wọ́lẹ̀, tàbí pé ẹ̀rù oúnjẹ wọn ń bà á. Bí ó bá sọ ìdí rẹ̀, gbogbo Iléṣà á gbọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú, ohun tí ó sì ti ń sá fún láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó gbé òkèlè bíi mẹ́rin mì. Ohun tí ó lẹ̀ mọ́ra bẹ́ẹ̀, tí eyín kò fọ́, ní láti gba inú ọ̀nà tóóró tí wọ́n fi sílẹ̀ fún un kọjá, kò sì lè kọjá. Àyà bẹ̀rẹ̀ sí í fún un, itọ́ kún ẹnu rẹ̀, imú rẹ̀ ń ṣomi. Ó mu omi kí ó lè tì í lọ sísàlẹ̀, omi náà sì kó sí orí rẹ̀. Ẹ̀yìn ilé ni ó ti lọ bì í, ó nu ẹnu, ó padà wá jókòó, ó dúpẹ́ oúnjẹ.

Ara rẹ̀ ì bá balẹ̀ bí ó bá padà sórí oúnjẹ rírọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Ṣùgbọ́n òkú àgbà kì í tán lọ́jọ́ kan. Àlejò ń wọlé, ó ń bá wọn jẹ, ó ń bì. Nígbà tó yá, oúnjẹ tí ó ti ń dúró tẹ́lẹ̀ kò dúró mọ́. Ó dá àwọn oògùn fítámì rẹ̀ dúró nítorí pé òórùn wọn ń rùn ún nínú. Báyìí ni nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣe kọjá. Èyí ni ibi tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tí ó ní irú aláìsàn yìí nílé dúró sí díẹ̀, nítorí pé fítámì B1 tí ara máa ń tọ́jú pamọ́ kò ju ti ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta lọ. Ẹni tí kò jẹun tó, tí ó sì tún ń bi ìwọ̀nba tí ó jẹ, tí kò lo oògùn fítámì rẹ̀, ń sún mọ́ ibi tí yóò ti tán nínú rẹ̀ pátápátá.

Ní ọjà, olúkúlùkù ni ó ní ohun tí ó rò. Ẹnì kan gbé àgbo jẹ̀díjẹ̀dí wá. Ẹlòmíràn rò pé oyún ni. Àwọn tí ó dákẹ́ ni ọ̀rọ̀ wọn dùn ún jù, nítorí pé ó mọ ohun tí wọ́n ń sọ bí ó bá ti kọjá: pé ó ti kó àrùn tí kò gbóògùn, tàbí pé ayé ti mú un.

Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jó o bí ẹni pé ó tẹ iná, lẹ́yìn náà ó di kíkú tipiri. Kò lè gun àtẹ̀gùn ìsọ̀ rẹ̀ mọ́ láìjẹ́ pé ẹnì kan dì í mú. Ó ní òun ń rí nǹkan ní méjì-méjì. Ó gba owó lọ́wọ́ oníbàárà kan, ó sì tún ní kí ó san án. Wọ́n gbé e lọ sílé, aládùúgbò kan tí ó máa ń gún àwọn ènìyàn lábẹ́rẹ́ sì dé pẹ̀lú omi tí wọ́n ń fà sí ènìyàn lára, èyí tí ó ní ṣúgà nínú, ó ní omi ara rẹ̀ ni ó ti gbẹ àti pé okun kò sí nínú rẹ̀ mọ́. Tọkàntọkàn ni ó fi wá, ohun tí ó sì fẹ́ ṣe ni ohun tí wọ́n ń ṣe fún gbogbo ẹni tí ó bá rẹ̀ ní àdúgbò wa.

Ọmọbìnrin Màmá Aláṣọ ni ó dá a dúró. Ó ti Ifẹ̀ dé ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ó ti ka ìwé ilé ìwòsàn, ó sì ti pe nọ́ńbà tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má tíì so ó kọ́. Wọ́n ní abẹ́rẹ́ fítámì B1 ni kí ó kọ́kọ́ wọ ara wọn, kí omi oníṣúgà tó wọ̀ ọ́, kí a sì gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn ńlá báyìí.” Inú bí obìnrin náà, ó ní ọmọ àná ń kọ́ òun níṣẹ́. Ọkọ gbè sẹ́yìn ọmọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ yìí sọ tọ̀nà, nítorí pé fítámì B1 ni ara fi ń sọ ṣúgà di agbára. Bí a bá da ṣúgà sí ara ẹni tí kò ní in mọ́, ìwọ̀nba tí ó kù nínú ọpọlọ yóò tán lórí iṣẹ́ náà, ọpọlọ sì lè bàjẹ́ títí ayé.

Ní ilé ìwòsàn, abẹ́rẹ́ fítámì B1 tí ó lágbára ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó fa omi sí i lára, wọ́n sì yẹ èròjà iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n tún èyí tí ó ti lọ sílẹ̀ ṣe. Nígbà tí ara rẹ̀ gbà á, wọ́n fi ẹ̀rọ oníkámẹ́rà tẹ́ẹ́rẹ́ gba ọ̀fun rẹ̀ wo àpòlúkù náà bóyá ó ti fún jù tàbí ó ti lọ́. Kò fún, kò sì lọ́. Bí ó ṣe ń jẹun nìkan ni àléébù. Ojú rẹ̀ padà bọ̀ sípò láàárín ọjọ́ díẹ̀, ẹsẹ̀ gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Kò rántí ohunkóhun nínú ọjọ́ tí wọ́n gbé e dé ibẹ̀, n kò sì rò pé yóò rántí rẹ̀ mọ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tí ó ń ta iṣu, gbọ́ òtítọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́bàá ibùsùn. Kò bínú sí iṣẹ́ abẹ. Ó ní, “Kí ni mo ṣe fún ọ tí o fi fẹ́ kú sí mi lọ́rùn? Ta ni ó ní mo fẹ́ kí o sanra?” Láti ọjọ́ náà ni ó ti gba ọ̀rọ̀ náà kanrí. Òun ni ó lọ bá àwọn ìyá ọkọ, òun ni ó ṣàlàyé pé wọ́n ti gé inú àbúrò òun kù nítorí àtọ̀gbẹ, pé ẹni tí ó bá fẹ́ràn rẹ̀ kí ó má fi oúnjẹ lọ̀ ọ́. Wọ́n gbà ju bí Màmá Aláṣọ ti rò lọ. Èyí tí ó bu oúnjẹ níjọ́ ìsìnkú sunkún, ó ní ẹnikẹ́ni kò sọ fún òun.

Ẹ̀kọ́ oúnjẹ tí èmi àti òun bẹ̀rẹ̀ nígbà náà le ní ibi kan tí n kò rò tẹ́lẹ̀. Ìlànà ni pé ẹja, ẹran tàbí ẹyin ni yóò kọ́kọ́ jẹ, ẹ̀fọ́ yóò tẹ̀ lé e, ìwọ̀nba oúnjẹ líle yóò sì kẹ́yìn, kí àyè tó tán. Nílé tí wọ́n ti tọ́ ọ, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní ọ̀pọ̀ ilé wa, ẹran ni a fi ń kádìí oúnjẹ. Ọmọ tí ó bá na ọwọ́ sí ẹran kí òkèlè tó tán, ọ̀kánjúà ni, wọ́n á sì gbá a lọ́wọ́. Ó ti gbá àwọn ọmọ tirẹ̀ náà lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Ní báyìí, òun ni yóò jókòó ti àwọn ọmọ wọ̀nyẹn, tí yóò mú ẹja inú ọbẹ̀ kí ó tó fọwọ́ kan ohunkóhun mìíràn. Ojú ń tì í débi pé ó tún ń jẹun ní yàrá. A pe gbogbo ilé jọ, a sọ ìdí rẹ̀ fún wọn, ọkọ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá a jẹ ẹja tirẹ̀ ṣáájú. Mo bọlá fún ọkùnrin náà gidigidi, nítorí pé láti ìgbà náà ni aya rẹ̀ ti padà sídìí tábìlì.

Àwo ìsàlẹ̀ ife tíì ni ó fi ń jẹun, ó sì ń lo nǹkan bí ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lórí rẹ̀. Ó ti mọ àmì tí ara rẹ̀ ń fún un: bí ó bá ti ṣe òsúkè tàbí imú rẹ̀ ṣomi, ó ti tó nìyẹn, ìbáà ku ṣíbí kan. Ní ọjà, omi inú ọ̀rá mẹ́ta, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtílítà 50, ni ó ń fi ẹnu fà díẹ̀díẹ̀ láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, kò sì sí èyí tí ó ń dà mu lẹ́ẹ̀kan. Iyán ńkọ́? Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ó tọ́ ọ wò: ẹyọ kan tí kò ju ẹ̀pà lọ, tí ó rún dáadáa, lẹ́yìn tí ó ti jẹ ẹja. Ó dúró. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ní kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ má fẹnu kàn án mọ́ láyé. Èmi gbà pé ẹni tí ó bá lè rún un, tí ó sì jẹ́ kí ó kẹ́yìn, lè jẹ díẹ̀ nílé ara rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó má jẹ ẹ́ lóde, níbi tí wọ́n á ti máa rọ̀ ọ́.

Irun rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í já ní oṣù kẹrin, ó sì dá a lágara, ṣùgbọ́n èyí wọ́pọ̀ nígbà tí ara bá ń yára fọ́n, ó sì ti hù padà. Oògùn orúnkún tí ó máa ń rà lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì, tí wọ́n ń pò mọ́ra nínú ọ̀rá, ni a gbà lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá, nítorí pé púpọ̀ nínú irú rẹ̀ ń dá egbò sí àpòlúkù. Ní ti ọ̀rọ̀ ọjà, ó sọ fún ìyá ẹgbẹ́ àwọn aláṣọ, ìyẹn sì sọ fún àwọn yòókù. Ẹnu kò tíì dákẹ́ tán. Oníbàárà méjì tí ó fi í sílẹ̀ kò padà. Ṣùgbọ́n nísinsìnyí, bí ẹnì kan bá ní ó ti rù, àwọn aládùúgbò ìsọ̀ rẹ̀ ni wọ́n máa ń fèsì kí òun tó yanu.

Ní ìparí ọdún kan, kílógíráàmù 84 ni ó wọ̀n. Ó ti tó 85 nísinsìnyí, èyí kò sì bà mí lẹ́rù. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ti di ẹyọ kan, ti àtọ̀gbẹ náà ti di ẹyọ kan. Títí ayé ni yóò máa lo fítámì, irin àti kálísíọ̀mù, tí yóò sì máa gba abẹ́rẹ́ fítámì B12 ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, owó rẹ̀ sì ń wúwo lé e nígbà tí ọjà bá dá. Awọ ikùn rẹ̀ tí ó ti rọ̀ máa ń yún un nígbà ooru, ó sì ń fi aṣọ funfun gbígbẹ sábẹ́ rẹ̀. Àtẹ́lẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ṣì máa ń jó o lálẹ́. Dókítà rẹ̀ ní ó lè lọ, ó sì lè má lọ, wọn yóò sì tún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò ní oṣù tí ń bọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni yóò sìn ín lọ.